Áfíríkà ni ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà lórí iyì ẹ̀mí èèyàn ti gbérí

Àwọn tó kàwé nípa Ìjọ Àgùdà sábà máa ń ní ọdún 1891 ni ẹ̀kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Póòpù Leo Kẹtàlá kọ lẹ́tà tó pè ní Rerum Novarum sí ìjọ. Rárá o, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti owó iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú ìyẹn, ẹ̀kọ́ yìí sì ti dàgbà kí wọ́n tó bí bàbá ńlá Leo. Carthage ni kẹ́ ẹ wò, ní Tunisia òde òní.

Láyé Róòmù, bàbá ló láṣẹ lórí ọmọ tuntun, tó bá ti ní òun ò fẹ́, wọ́n á gbé e jù síta ni, kó kú síbẹ̀ tàbí kí ẹlòmíì gbé e lọ sọ dẹrú. Lẹ́tà kan ṣì wà tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hilarion kọ sí ìyàwó ẹ̀ láti Alexandria ní Íjíbítì, ọdún 1 ṣáájú ìbí Kristi, ó ní tó bá bí ọkùnrin kó jẹ́ ó wà, tó bá ṣobìnrin kó gbé e jù nù, lẹ́tà kan náà ló fi ṣèlérí pé tóun bá ti gbowó òun á fi ránṣẹ́ sílé!

Àárín irú wọn ni Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan, wà ní Carthage, ní nǹkan bí ọdún 197. Wọ́n ń purọ́ mọ́ àwọn Kristẹni pé wọ́n ń pa ọmọ jòjòló jẹ, ló bá kọ̀wé sáwọn aláṣẹ pé ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń gbé ọmọ yín jù fún otútù, ebi àti ajá, pé ní tàwọn, wọn ò gbọ́dọ̀ pa èyí tó wà nínú oyún pàápàá, torí ẹni tó ń bọ̀ wá di èèyàn, èèyàn ni ná. Didache, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn Kristẹni ìjímìjí, ti ní ká má ṣẹ́yún ṣáájú ẹ̀, àmọ́ àṣẹ lásán nìyẹn, Tertullian ló sọ ìdí.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé ní bíi 252, táwọn èèyàn ń sá fáwọn ará ilé wọn, Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage yẹn náà, ní káwọn ọmọ ìjọ má tọ́jú tiwọn nìkan, kí wọ́n tọ́jú àwọn kèfèrí àtàwọn tó ń ṣenúnibíni sí wọn pẹ̀lú. Ẹ̀mí ò ní sípíà, ti ọ̀tá náà ò ní. Ọdún 258 ni Róòmù bẹ́ ẹ lórí.

Ìyókù ò ṣòroó mọ̀: Póòpù Paul Kẹta lòdì sí sísọ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà dẹrú ní 1537, Fada Coquard ṣe ọsibítù l'Ábẹ́òkúta ní 1895, Póòpù John Paul Kejì kọ Evangelium Vitae, lẹ́tà lórí iyì ẹ̀mí èèyàn, ní 1995. Nígbà tí Póòpù Francis wá yí katikísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ ìjọ, padà ní 2018 pé kò yẹ kí wọ́n máa dájọ́ ikú mọ́, ariwo ta pé ẹ̀kọ́ tuntun ni. Tuntun báwo? Lactantius, òǹkọ̀wé Kristẹni kan, ti kọ ọ́ ní bíi 1,700 ọdún sẹ́yìn pé kò sígbà tí pípa èèyàn tọ́, pé kódà kéèyàn fẹ̀sùn tó la ikú lọ kan ẹnì kejì ò dáa, ọmọ Áfíríkà sì lòun náà.