Bí òfin tuntun ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Òfin tuntun ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ náà jókòó sí ní Òṣogbo, tí gómìnà sì buwọ́ lù. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, tí ìjọba ológun yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, ni Òṣogbo ti jẹ́ olú-ìlú. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí ará ìlú ń pè ní "òfin ìjọba" ló ti ọwọ́ àwọn aṣòfin yìí wá. Òmíràn ti Abuja wá, òmíràn jẹ́ àṣẹ gómìnà, òmíràn sì jẹ́ ti káńsù. Ibi tí òfin ti wá ló ń sọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ẹni tó lágbára láti yí i padà.

Láti àbádòfin dé òfin

Ọmọ ilé 26 ló wà nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ọ̀ṣun, sáà ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì ń lò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ka àbádòfin kan. Lẹ́yìn kíkà kejì ni ìgbìmọ̀ kékeré máa ń gbé e yẹ̀ wò, ibẹ̀ sì ni ará ìlú ti lè rí àyè sọ tẹnu rẹ̀. Bí ilé bá ti fọwọ́ sí i, ó di ọwọ́ gómìnà. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún un ní ọjọ́ 30. Bí ó bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé, ìyẹn ọmọ ilé 18, lè tún un fọwọ́ sí, yóò sì di òfin láìsí ìbuwọ́lù gómìnà.

Bí òfin bá dárúkọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ náà la ó máa wò. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí gómìnà buwọ́ lù ú ló bẹ̀rẹ̀. Orí rédíò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òṣogbo ti ń gbọ́ pé gómìnà ti buwọ́ lu nǹkan. Ìwé òfin fúnra rẹ̀ kì í sáàbà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, "mi ò mọ̀" kì í gba ènìyàn sílẹ̀ ní kọ́tù. Ohun tó wà fún ààbò rẹ̀ ni pé òfin kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn sọ ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lánàá di ẹ̀ṣẹ̀, ilé ẹjọ́ kò sì lè dá ènìyàn lẹ́bi lórí ohun tí òfin kíkọ kò sọ ìjìyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ìpínlẹ̀

Kò sí ohun tó fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín òfin àti àṣẹ gómìnà hàn bí awuyewuye lórí orúkọ ìpínlẹ̀ yìí. Lábẹ́ Gómìnà Rauf Aregbesola, tó ṣèjọba láti 2010 sí 2018, "Osun State" di "State of Osun" lórí ìwé ìjọba. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni òfin orin, àmì àti àsíá ìpínlẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ tuntun náà. Ilé ẹjọ́ gíga kan ní Iléṣà dájọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 pé orúkọ náà kò bá ìwé òfin ilẹ̀ mu, ṣùgbọ́n wọn kò yéé lò ó.

Nígbà tí Gómìnà Ademola Adeleke gorí àlééfà ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ó pàṣẹ pé kí wọ́n padà sí "Osun State". Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni ilé aṣòfin ìgbà náà fèsì pé òfin ọdún 2012 ṣì wà níbẹ̀. Lórí ìlànà, ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí: àṣẹ gómìnà lè darí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kò lè pa òfin rẹ́, òfin ló ń pa òfin rẹ́. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé inú èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìjà náà wà. Ẹni tó bá ń sọ Yorùbá kò rí ìyàtọ̀ kankan, nítorí "Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun" ni méjèèjì.

Òfin Abuja àti àpò ará Òṣogbo

Àwọn òfin Abuja kan wà tí kò lágbára ní Òṣogbo àfi bí ilé aṣòfin Ọ̀ṣun bá sọ ọ́ di tirẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn; ọdún 2007 ni Ọ̀ṣun ṣe tirẹ̀. Àwọn òfin mìíràn wà tó jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n dè. Òfin owó oṣù tó kéré jù wà lára wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni ó di ₦70,000. Ìjọba Ọ̀ṣun fi kún un fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì di ₦75,000. Ṣùgbọ́n òfin náà kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, èyí tó yọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Òṣogbo kúrò.

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Abuja ló ṣe é, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ló ń gba owó orí rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ìlú mìíràn. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó wọlé fún ènìyàn lọ́dún kò ní owó orí. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, náírà 15 ni wọ́n ń gbà nínú 100.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ tó ń bá wọn tajà ní Ìgbọ̀nà. Bí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ ₦60,000, ₦720,000 ló ń gbà lọ́dún, kò sì ní san kọ́bọ̀. Bí ẹnì kejì rẹ̀ bá ń gba ₦100,000, tó sì ń san ₦150,000 fún ilé lọ́dún, òfin gbà kí ó yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé náà, ìyẹn ₦30,000, kí wọ́n tó ṣírò. Ohun tó kù tí owó orí máa bà ni ₦370,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦55,500 lọ́dún, ₦4,625 lóṣù. Ó ní láti sọ iye tó san gan-an fún ilé kí ó tó jẹ àǹfààní yìí, ìyẹn ló fi jẹ́ pé onílé tó ń gbowó láì kọ rìsíìtì ń ṣe ayálégbé rẹ̀ ní ìpalára.

Àwọn òfin mìíràn

Òfin Àmọ̀tẹ́kùn jáde ní ọdún 2020, lẹ́yìn tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá ẹ̀ṣọ́ náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Òfin tó ka fífi màlúù jẹko ní gbangba léèwọ̀ tẹ̀ lé e ní ọdún 2021. Gómìnà Gboyega Oyetola ló buwọ́ lu méjèèjì.

Ọjà, gáréèjì àti ibi ìpẹran wà lábẹ́ káńsù, kì í ṣe lábẹ́ gómìnà. Káńsù méjì ló sì pín ìgboro Òṣogbo láàárín ara wọn: ti Òṣogbo, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Òkè-Baálẹ̀, àti ti Ọlọ́rundá, tó wà ní Ìgbọ̀nà. Ẹni tó ń gbé lábẹ́ ọ̀kan lè ní ìsọ̀ lábẹ́ èkejì. Káńsù tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún un.