Bí Wọ́n Ṣe Ń Múra Ilé Sílẹ̀ fún Títà: Omi Ṣáájú, Ọ̀dà Kẹ́yìn

Orí ọ̀dà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ta ilé ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pe akunlé, ilé á sì máa dán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó tó di pé olùrà kẹta wá wò ó, ọ̀dà ti ń wú lára ògiri, àmì omi rúsúrúsú tún ti yọ lójú àjà. Omi ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá rí, nítorí kò sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sórí ọ̀rinrin tó máa tọ́jọ́.

Láti òrùlé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àjà ti tutù kọ́ ni òrùlé ti lu lọ́pọ̀ ìgbà: omi máa ń bá igi òrùlé rìn jìnnà kó tó kán sílẹ̀. Kí ẹnì kan wọ inú àjà ní ọ̀sán gangan, kó wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ́ wọlé, kó sì tọ ipa omi lára igi padà sókè. Ojú ìṣó, ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn, àti ibi tí òrùlé ti kan ògiri ló sábà máa ń jò. Bí wọ́n bá ti tún un ṣe, kí wọ́n fi rọ́bà da omi sí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ìṣẹ́jú 10 lójú kan, kí ẹlòmíràn máa ṣọ́ ọ láti inú. Bí wọ́n bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tutù lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì ní mọ ojú tó ń jò.

Ògiri tó ń bó láti ilẹ̀ dé nǹkan bí mítà kan, tí ohun funfun bí iyọ̀ sì ń hù lára rẹ̀, omi ilẹ̀ ló ń fà mu. Omi náà ń gbé iyọ̀ jáde; bí omi bá gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù, á sì máa ti ọ̀dà dànù. Kí wọ́n tó ná owó ńlá, kí wọ́n wo ìta: ṣé yẹ̀pẹ̀ tàbí ebè òdòdó ò ga jókòó ti ògiri? Ó yẹ kí ojú ilẹ̀ ìta fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 kéré sí ilẹ̀ inú ilé, kó sì dagẹrẹ kúrò lára ògiri. Páìpù tó ń jò nínú ògiri náà lè fà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ ha ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á sì tún un rẹ́. Sìmẹ́ńtì tuntun ń fẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 kó tó gbẹ dáadáa. Láti dán an wò, kí wọ́n lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara mọ́ ògiri, kí wọ́n dí etí rẹ̀ pinpin, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ògiri ò tíì gbẹ.

Ọ̀dà olómi lásán kì í bo àmì omi mọ́lẹ̀, torí omi inú ọ̀dà ń yọ́ àmì náà jáde padà. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi òróró pò ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi bò ó, kó gbẹ, kí ọ̀dà olómi tó gùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú ògiri tó là tín-ínrín bí irun, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á díẹ̀ kí ohun tí wọ́n fi dí i lè rí ibi dì mú. Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, tàbí tó dagun láti igun fèrèsé, ẹ̀njiníà ló yẹ kó rí i kí ẹnikẹ́ni tó dí i. Fífi ọ̀dà bo irú rẹ̀ kò dára rárá: ẹ̀tàn ni, àti pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ní kí ẹni tó ń tà sọ àbùkù tó mọ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ omi tó ń kán, wáṣà ló sábà máa ń fẹ́. Kí wọ́n kán aró díẹ̀ sínú táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí àwọ̀ bá yọ nísàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30 láìfà á, rọ́bà ìdí táǹkì ti jẹ. Bí yàrá tí wọn ò lò bá ń rùn bíi gọ́tà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi tó ń dúró ní ọrùn páìpù ilẹ̀, tó ń dí òórùn mọ́lẹ̀, ló ti gbẹ; bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan tó o. Bílíìṣì ń pa ohun dúdú tó ń hù láàárín táìlì, àmọ́ kí wọ́n má ṣe dà á pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ-ṣáláńgá tàbí ohun tó ní amóníà, torí èéfín rẹ̀ lè ṣe èèyàn léṣe gidi.

Kí wọ́n kó ẹrù tó bí ìdajì kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, torí olùrà á ṣí i. Kí orúkọ inú ìwé ilé bá ti ẹni tó ń tà á mu, kí rìsíìtì àtúnṣe òrùlé sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ojúmọmọ ni kí wọ́n ya fọ́tò, láti igun yàrá, kí kámẹ́rà ga dé àyà, kó má sì dagun, kí ògiri má bàa dà bí èyí tó fẹ́ wó.