Ìlà Mẹ́rin Láti Gáráàjì: Bí Ọnà Èdè Ṣe Ń Gbé Ìtumọ̀ Nínú Ráàpù àti Nínú Ìwé

Ẹni tó bá ti wọ dáńfó rí ní Gáráàjì Ìkòròdú mọ igbe yìí: "Ó ku ẹnì kan! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Nígbà mìíràn, èèyàn mẹ́rin ni àyè ṣì gbà, kọ̀ńdọ́ kàn ń tan èrò wọlé ni. Ká fi igbe yẹn hun ìlà ráàpù mẹ́rin, ká lè rí ohun tí olórin ń ṣe gan-an nígbà tí àwọn èèyàn bá ní ó mọ ọ̀rọ̀ lò:

Kọ̀ńdọ́ ń ké ní Gáráàjì, ó ní, "Ó ku ẹnì kan!"
Mo fò wọlé, mo jókòó ti ìyá arúgbó kan.
Dẹ́rẹ́bà ń sáré bí ẹni tí iná ń lé bọ̀ lẹ́yìn;
Ká tó dé Mile 12, ariwo ta: ẹnì kan kú.

Ìtàn ibẹ̀ kò ju ìjàǹbá ọkọ̀ lọ. Ìwé ìròyìn á fi gbólóhùn kan ròyìn rẹ̀, tó bá tilẹ̀ ròyìn rẹ̀ rárá. Bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ ló mú kó wọni lára. Etí ti gbọ́ "ẹnì kan" lẹ́nu kọ̀ńdọ́. Nígbà tí "ẹnì kan" tún yọjú nínú ìlà kẹrin, ọkàn á sá padà sẹ́yìn: ṣé ẹnì kan ti àkọ́kọ́ yẹn náà ni? Ẹni tó fò wọlé wá dí àyè tó kù, ṣebí òun ló ń sọ̀rọ̀? Àbí ìyá arúgbó ni? Olórin ò sọ, kò sì gbọdọ̀ sọ. Tó bá fi lè fi ìlà karùn-ún ṣàlàyé pé ìyá náà ló kú, orin ti di ìròyìn.

Ohùn ló ṣe iṣẹ́ tó kù. Tí "kù" bá dá dúró, bíi "ó kù", ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, á gbéra bọ́ sí àárín: "ó ku ẹnì kan." Láti ibẹ̀ dé "kú", ìgbésẹ̀ kan péré ni. Ọ̀rọ̀ tí kọ̀ńdọ́ fi ń wá owó àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kéde òkú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, olórin kàn yí wọn lójú dà ni: ohun tó wà níwájú bọ́ sẹ́yìn, ohùn gòkè. Kò bú kọ̀ńdọ́, kò bú dẹ́rẹ́bà, kò wàásù nípa eré àsápajúdé. Ẹni tó gbọ́ ti mọ ẹni tí ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìdí tí ohùn fi ṣe pàtàkì tó báyìí nínú ráàpù Yorùbá wà nínú bí èdè wa ṣe rí. Ní Bronx ní New York, níbi tí ráàpù ti ṣẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹ apá kan ọ̀rọ̀ ju apá kejì lọ, olórin á sì jẹ́ kí apá tó tẹ̀ yẹn bọ́ sórí ìlù. Onírúurú kọ́ńsónáǹtì ló tún máa ń wà ní ìdí ọ̀rọ̀ wọn, nítorí náà kí ìparí ìlà méjì tó bára mu, ó gba iṣẹ́. Yorùbá ò rí bẹ́ẹ̀. Fáwẹ̀lì tàbí ìró àránmúpè ni sílébù wa ń parí sí, fáwẹ̀lì àìránmúpè wa ò sì ju méje lọ. Ọmọdé tó ń gbé garawa omi lọ sílé lè to ìlà mẹ́wàá tó parí sí "a" kó tó sọ omi kalẹ̀. Ìdí nìyí tí olórin tó kàn ń wá kí ìdí ìlà bára mu fi tètè máa ń súni. Etí Yorùbá ń fẹ́ kí sílébù méjì tàbí mẹ́ta tó gbẹ̀yìn gòkè kó sì sọ̀kalẹ̀ bákan náà, tàbí kó kọ̀ láti bára mu níbi tí kíkọ̀ yẹn á ti ní ìtumọ̀. Nínú ìlà mẹ́rin òkè yìí, "kan" ló parí ìlà kìíní àti ìkejì, etí ti jókòó dáadáa. Ìlà kẹta ṣí i nídìí. Nínú ìkẹrin, "kan" wà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sí àárín, "kú" sì wá gba ipò rẹ̀ lórí ìlù tó gbẹ̀yìn.

Lójú tèmi, ráàpù bá Yorùbá lára mu ju ọ̀pọ̀ orin tí a yá lọ. Ẹ rántí àwọn orin ìyìn tí wọ́n túmọ̀ sórí ohùn orin Òyìnbó: orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ìjọ á máa kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ lẹ́nu lásán. Ráàpù ò fipá mú ohùn. Àárín ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kíkọ ló wà, níbi tí ìjálá, rárà àti ẹ̀sà ti wà tipẹ́. Lánrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ ti ń ké ewì sínú rẹ́kọ́ọ̀dù nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pe ohunkóhun ní ráàpù níbí. Nígbà tí Lord of Ajasa tó ń fi Yorùbá ṣe ráàpù dé, tí Dagrin, olórin ráàpù bíi tirẹ̀, tẹ̀lé e tó sì gbé àwo C.E.O jáde ní 2009, ìlù ló jẹ́ tuntun. Etí wa ti mọ irú ohùn yẹn.

Sítúdíò lè ba gbogbo èyí jẹ́ o. Auto-Tune, tí ilé-iṣẹ́ Antares gbé jáde ní 1997, máa ń fa ohùn olórin lọ sórí nóòtì tó sún mọ́ ọn jù nínú àwọn tí wọ́n yàn fún orin náà. Tí "ku" àti "kú" bá wá bọ́ sórí nóòtì kan náà, àwàdà kú, ìbànújẹ́ náà kú. Òmíràn tún wà. Ohùn gbólóhùn Yorùbá máa ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ, débi pé ohùn òkè tó wà níparí lè má ga tó èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń gba orin sílẹ̀ lábọ̀ lábọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní punch-in, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè lẹ́yìn ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn kan á wá dún bíi méjì tí kò mọra. Ẹ̀ńjíníà tó gbọ́ Yorùbá á ní kí olórin tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọnà kan wà tí kò ní ohun tó kàn án pẹ̀lú ìlù. Ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹ wo èyí, tí a bá sọ ọ́ sí olóṣèlú kan:

Ẹ fẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò wa lọ́sẹ̀ ìbò,
Ẹ ní títì á dé ẹnu ọ̀nà wa kí òjò tó dé.
Òjò ti dé. Níbo lo wà?

Kò sí èébú kankan níbẹ̀. "Ẹ" ló di "o", ó tán. Lẹ́tà kan péré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tọ́ ní ilé Yorùbá mọ̀ pé wọ́n ti bọ́ fìlà lórí ọkùnrin yẹn ní gbangba. Bákan náà ni yíyan èdè. Ní Ìkòròdú, ẹ̀ka èdè àwọn àgbà ìlú tó bá ti Ìjẹ̀bú tan wà, Yorùbá Èkó wà, Ìlàjẹ wà létí ọ̀sà, Pijin sì wà níbi gbogbo. Olórin tó fi Pijin sẹ́nu ọlọ́pàá, tó fi ohùn ìlú sẹ́nu ìyá rẹ̀, ti ya àwòrán àwọn méjèèjì láìjẹ́ pé ó júwe wọn.

Ìdákẹ́ náà ń sọ̀rọ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fọ́mọlúàbí, ẹni tó ń ṣe bíìtì sì mọ èyí dáadáa: á gé ìlù kúrò ní ìdajì ìlà, olórin á dá òwe sí méjì, àwọn tó dúró níwájú ìtàgé á sì parí rẹ̀ fúnra wọn. Ohun tí ẹnu ẹni bá parí, ó ṣòro kéèyàn tún bá a jiyàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi olórin àti òǹkọ̀wé gbọ́ jù ni "mo". Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá tó fúnra rẹ̀ kọ jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí lẹ́tà tí obìnrin tó ti fi ayé rẹ̀ ṣe aṣẹ́wó, tí àìsàn ti dá mọ́lẹ̀, ń kọ sí olóòtú. Orin ìgboro Èkó àti ẹsẹ Bíbélì kún inú lẹ́tà náà, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé ẹni gidi ni Sẹ̀gilọlá. Ọnà tí Thomas lò ló fa ìyẹn: lẹ́tà, ọjọ́, ẹ̀dùn ọkàn, "èmi". "Mo" ti ráàpù ń ṣiṣẹ́ bákan náà, a kàn tún fi oríkì ara ẹni kún un ni. Olórin tó ní òun fi ẹ̀wọ̀n ṣe ilé lè má tíì dé àgọ́ ọlọ́pàá rí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ti ń fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rí ní kóòtù, débi pé ìpínlẹ̀ California ṣòfin ní 2022 pé kí adájọ́ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n bóyá ìlà náà jẹ́ ẹ̀rí gidi àbí ó kàn máa mú kí wọ́n kórìíra ẹni tó wà nínú àpótí ẹjọ́.

Òǹkọ̀wé ò ní ìlù, kò sì lè gbé ohùn sókè. Tó bá fẹ́ ṣe ohun tí ìlà mẹ́rin wa ṣe, ààyè orí ìwé ló máa lò. Ó lè fi igbe kọ̀ńdọ́ parí ìpínrọ̀ kan, kó lo ìpínrọ̀ tó tẹ̀lé e fún òórùn epo inú ọkọ̀, apẹ̀rẹ̀ ẹja tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá arúgbó, àti ìjà lórí ṣéńjì, kí gbólóhùn gùn, kí òǹkàwé gbàgbé. Lẹ́yìn náà, kó fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ṣe ìpínrọ̀ kan: "Ẹnì kan kú." Àmì ohùn tún wà fún un. Lórí fóònù, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń tẹ ọ̀rọ̀ orin láìfi àmì sí i, "eni kan ku" ni wọ́n máa tẹ̀, tó lè jẹ́ "ẹnì kan kù" tàbí "ẹnì kan kú", ẹni tí kò bá tíì gbọ́ orin náà ò ní mọ̀ bóyá kí òun sáré wọlé ni àbí kí òun káwọ́ lérí.