Fáìlì Ohùn Tó Ń Dún Lórí Fóònù, Tí Kò Dún Nínú Ọkọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Fáìlì ohùn kan ń dún dáadáa lórí fóònù mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sórí fíláàṣì tí mo sì fi í sí rédíò ọkọ̀, kò dún. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe é. Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ máa ń sọ ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ dà, oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n sì ń gbà to àwọn nọ́ńbà náà. MP3, WAV, M4A, FLAC àti Opus wà lára orúkọ tí a fi ń dá àwọn ọ̀nà ìtò wọ̀nyí mọ̀. Ẹ̀rọ tí a kò kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń tú ọ̀kan palẹ̀ kò lè mú un dún, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ̀wé kà ní èdè kan ṣe máa ń wo ìwé tí a kọ ní èdè mìíràn láìrí nǹkan kan mú níbẹ̀. Fóònù a máa gba àtúnṣe lóòrèkóòrè, nítorí náà ó mọ púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí rédíò ọkọ̀ mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é ni ó sábà máa ń mọ títí tí yóò fi gbó.

Mo pa .opus tó wà ní ìparí orúkọ rẹ̀ rẹ́, mo kọ .mp3 síbẹ̀, síbẹ̀ kò dún.

Aṣọ lẹ pààrọ̀, ẹ kò pààrọ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ fi áàpù tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ lásán ṣí ẹ̀dà fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà. Wúruwùru ni púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ó rí yóò jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́: fáìlì Opus sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú OggS, FLAC pẹ̀lú fLaC, WAV pẹ̀lú RIFF. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ púpọ̀ ti ń mọ ohun tó wà níwájú wọn, orúkọ yòówù kí ẹ kọ sẹ́yìn rẹ̀.

M4A tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀, nítorí pé àpótí lásán ni, tí a ń kó ohùn tí a ti tò sí. Ọ̀nà ìtò tí wọ́n ń pè ní AAC ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ALAC, ọ̀nà ìtò ti Apple, náà lè wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó mọ ti àkọ́kọ́ sì lè má mọ ìkejì. Ìdí nìyí tí M4A méjì fi lè wà lórí fíláàṣì kan náà, kí ọ̀kan dún, kí èkejì dákẹ́.

Kí ló mú kí MP3 kéré tó bẹ́ẹ̀ sí WAV? Kí ló ń jù nù?

Ìbéèrè yìí ló gba àlàyé jù. Lórí CD, a máa ń wọn ohùn nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì 16 (bíìtì ni ẹyọ tó kéré jù lọ tí ẹ̀rọ fi ń ka nǹkan, mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan), ti etí ọ̀tún lọ́tọ̀, ti etí òsì lọ́tọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú kan péré yóò gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10.6. WAV, tí Microsoft àti IBM gbé jáde ní 1991, sábà máa ń kó gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí pamọ́ bí wọ́n ṣe wà. FLAC náà kì í ju ohunkóhun nù, ṣùgbọ́n ó ń ká wọn jọ bí ẹni tó ká aṣọ sínú àpótí, tí aṣọ yóò sì jáde bó ṣe wọlé láìdín fọ́nrán òwú kan.

MP3 yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ tó ṣe é, tí àwọn ará ilé ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì wà lára wọn, mọ̀ pé etí ènìyàn kì í gbọ́ gbogbo ohun tó ń dún. Bí ìlù ńlá bá ń dún kíkankíkan, tí ohùn kékeré kan tí gíga rẹ̀ súnmọ́ tirẹ̀ sì ń dún pẹ̀lú, ìlù yóò bo ohùn kékeré náà mọ́lẹ̀, etí kò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rárá. Irú ohun tí etí kò ní béèrè bẹ́ẹ̀ ni MP3 ń jù nù. Ní kílóbíìtì 192 (ìyẹn ẹgbẹ̀rún bíìtì lọ́nà 192) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú kan orin kò ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ. AAC àti Opus ń lo ọgbọ́n kan náà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò jù ú lọ, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n dé. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ibi tí ọgbọ́n náà ti ń tán, ẹ tẹ́tí sí àtẹ́wọ́ èrò nínú MP3 oní-kílóbíìtì 64: yóò máa dún bí omi tó ń hó.

Bí mo bá yí MP3 mi sí FLAC, tàbí sí kílóbíìtì 320, ṣé yóò dún dáadáa sí i?

Rárá o. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí: orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tó wà ní kílóbíìtì 128, tí kò tó mẹ́gábáìtì 4, ni mo gbé sí 320. Ó wú di 9.6, inú mi sì dùn títí mo fi ki ìgbọ́hùn bọ etí tí mo gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra, tí n kò mọ èyí tó jẹ́ èwo. Èyí tó burú jù ni pé láti AAC sí MP3, tàbí láti MP3 sí MP3, jíjù nù tuntun ni ẹ̀rọ tún ń ṣe lórí ti àtijọ́. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa yí, kí ẹ sì jẹ́ kí ojúlówó wà níbi tó wà. Bí omi bá dànù tí agbè kò fọ́, a ṣì lè pọn òmíràn.

Èwo wá ni kí n yàn, kí ni mo sì máa fi yí i?

Fún ẹ̀rọ tí ẹ kò mọ ohun tó mọ̀, MP3 ni. Òun kọ́ ló dára jù, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rọ púpọ̀ jù lọ mọ̀. Orin yóò dára ní 192. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Áàpù VLC àti Audacity lè ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá bẹ̀rù láti tẹ àṣẹ lè lo FFmpeg:

ffmpeg -i oro.opus -ar 44100 -b:a 192k oro.mp3

Orúkọ tó tẹ̀ lé -i ni fáìlì tí ẹ ní, èyí tó wà ní ìparí ni tuntun; -ar ni iye ìgbà tí a ó wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá, -b:a sì ni iye kílóbíìtì. N kì í fẹ́ kí ènìyàn gbé ohùn àṣírí, bí ìpàdé tàbí ọ̀rọ̀ ẹbí, lọ sórí ìkànnì tó ń báni yí fáìlì, nítorí orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni ohùn náà ń lọ.

Mo ti yí i sí MP3 gidi, rédíò ọkọ̀ kò tún rí i.

Ẹ wo fíláàṣì náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ kò lè ka fíláàṣì tí a tò ní NTFS tàbí exFAT, tí í ṣe ọ̀nà tí a fi ń to ibi ìkópamọ́ fáìlì; òmíràn tó ń jẹ́ FAT32 ni wọ́n mọ̀. Kọ̀ǹpútà lè tún un tò fún yín, ṣùgbọ́n yóò nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ kó wọn síbòmíràn.