Bí Murino ṣe di ìlú ńlá lẹ́nu ààlà Saint Petersburg

Tẹ́ ẹ bá wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní Saint Petersburg ní Rọ́ṣíà, láìnì pupa, tẹ́ ẹ jókòó títí tó fi débi tó parí sí lápá àríwá, Devyatkino lẹ máa bọ́ sílẹ̀, ẹ sì ti kúrò nínú Saint Petersburg láìmọ̀, Murino lẹ wà yẹn. Láti 1978 ni stéṣọ̀n yẹn ti wà níbẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé oko ló pọ̀ lágbègbè ẹ̀, ní báyìí ilé alájà ogún-ó-lé ló tò gbọọrọ. 2019 ni wọ́n sọ ọ́ di ìlú, nígbà tí wọ́n sì ka èèyàn ní 2021 wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90,000.

Ààlà yẹn gan-an ló fa gbogbo ẹ̀. Saint Petersburg ní gómìnà tiẹ̀ àti àpò owó tiẹ̀, Leningrad Oblast, ìpínlẹ̀ tó yí i ká tí Murino wà nínú ẹ̀, náà ní tiẹ̀. Ilẹ̀ tó wà lódì kejì kò wọ́n tó ti ìgboro, rélùwéè sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí lẹ rò pé àwọn tó ń kọ́lé tà máa ṣe? Wọ́n ra ilẹ̀ oko, wọ́n gbẹ́ kòtò, orí kòtò yẹn ni wọ́n ti ń ta fúláàtì, torí ilé tí wọn ò tíì kọ́ máa ń dínwó ju èyí tó ti dúró lọ. Látijọ́ ẹni tó ń kọ́lé ló ń gba owó oníbàárà ná tààrà, àìmọye ló sanwó tí ò rí ilé, ìdí nìyẹn tí òfin fi yí i padà láti July 2019: bánkì ló máa di owó yẹn mú títí ilé fi máa parí, kọ́lékọ́lé á lọ yá owó tó máa fi ṣiṣẹ́. Nígbà tó di April 2020 ìjọba tún gbé ẹ̀yáwó ilé tuntun kalẹ̀ ní èlé 6.5%, ni ọjà bá gbóná, ìjọba sì ń yí èlé àti òfin ẹ̀yáwó náà padà títí ó fi dá a dúró ní July 2024.

Ibi tó ti wá ń dùn wọ́n rèé o. Ní Rọ́ṣíà, owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù, ibi tí ọ̀gá ẹni wà ló ń lọ, kì í ṣe ibi téèyàn ń sùn. Ẹni tó ń gbé Murino tó ń ṣiṣẹ́ nígboro, Saint Petersburg ló ń jẹ owó orí ẹ̀, àmọ́ Oblast ni ọmọ ẹ̀ ń wá jẹ́lé-ó-sinmi lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ti dọ́gbọ́n sí i díẹ̀, kọ́lékọ́lé á kọ́ ilé ìwé pẹ̀lú àwọn ilé ẹ̀, Oblast á wá fi owó orí tí kọ́lékọ́lé yẹn san ra ilé ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, ọgbọ́n tó dáa ni, ṣùgbọ́n ilé máa ń yára kún ju ilé ìwé lọ. Àwọn ará Rọ́ṣíà tiẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n fi ń bú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, cheloveynik, wọ́n lẹ "èèyàn" mọ́ "ilé èèrà".

Kudrovo náà ṣe bẹ́ẹ̀ lápá ìlà oòrùn ìgboro, ó tiẹ̀ ṣáájú Murino di ìlú ní 2018, àmọ́ kò ní stéṣọ̀n tiẹ̀ nígbà yẹn, kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì dé stéṣọ̀n Ulitsa Dybenko nígboro ni, nínú gosiló àárọ̀.