Ẹ Gba Kákítọ́ọ̀sì Yín Lọ́wọ́ Òjò Àkúrẹ́

Bí òjò bá ti mú ilẹ̀ dáadáa, láti oṣù kẹfà lọ, ni àwọn oníbàárà máa ń gbé kákítọ́ọ̀sì wọn, ewéko ẹlẹ́gùn-ún yẹn, padà wá sí ọgbà fúláwà wa, pé ìdí rẹ̀ ti rọ̀, ó ti ń rùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kì í yàtọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ péré ni mò ń bomi rin ín o." Mo gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló pa á. Ní ìlú tí òjò ọdún kan máa ń tó 1,300 mílímítà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí aṣọ tí a sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóṣù keje lè gba ọjọ́ méjì kó tó gbẹ, erùpẹ̀ inú ìkòkò kì í gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Èyí tí mò ń sọ ni kákítọ́ọ̀sì kékeré tó ń bímọ yí ara rẹ̀ ká, ẹ̀yà Mammillaria, pàápàá Mammillaria elongata. Ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ, ẹ̀gún rẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́yìn mọ́ ọn lára, kì í gún èèyàn púpọ̀. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti wá, ní ìpínlẹ̀ Hidalgo, Querétaro àti Guanajuato, níbi tó ti ń hù lára òkúta. Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí yóò mọ irú ibẹ̀: erùpẹ̀ ojú àpáta kò tó nǹkan, òjò á rọ̀, omi á ṣàn lọ, bí oòrùn bá sì ti yọ, ojú àpáta á gbẹ. Omi tó bá wá, tó rin gbòǹgbò dáadáa, tó sì bá tirẹ̀ lọ, ni kákítọ́ọ̀sì mọ̀.

Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ewéko máa ń ṣí àwọn ihò tín-tìn-tín ara wọn lọ́sàn-án láti fa afẹ́fẹ́, omi a sì máa gba ibẹ̀ jáde. Òru ni kákítọ́ọ̀sì ń ṣí tirẹ̀, tí ilẹ̀ bá ti tutù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á pa á dé. Omi díẹ̀ ló ń ná. Bí ẹ bá wá ń rọ ọ́ lómi ṣáá, gbòǹgbò rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò sì jẹrà.

Nítorí náà, erùpẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé kò dára fún un, amọ̀ inú rẹ̀ a máa di omi mú. Àdàlù tí èmi ń lò ni erùpẹ̀ dúdú apá kan, iyanrìn odò oníhóró apá kan, òkúta wẹ́wẹ́ láti kúárì apá kan, àti èédú díẹ̀ tí a fọ́. Iyanrìn kúnná tí àwọn bíríkìlà fi ń rẹ́ ilé, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ fi ajọ̀ jọ òkúta kúárì náà, kí ẹ da ìyẹ̀fun rẹ̀ nù. Hóró rẹ̀ la fẹ́. Tí ẹ bá pò ó tán, ẹ da ife omi kan lé e lórí. Bí omi bá dúró lójú rẹ̀, ẹ fi hóró kún un.

Ìkòkò amọ̀ tí kò jìn, tó fẹ̀, tó níhò nídìí, ni kí ẹ wá. Èyí tí kò níhò, bó ti wù kó rẹwà tó, ẹ má gbìn ín sínú rẹ̀.

Ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ojú fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn, lábẹ́ òrùlé tí òjò kò ti lè fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó nílò oòrùn fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán. Inú pálọ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì kò yẹ ẹ́ rárá: á na ọrùn tín-ín-rín wá ìmọ́lẹ̀, ibi tó bá sì ti tín-ín-rín kò ní sanra mọ́. Èyí tó ti pẹ́ lábẹ́ ìbòòji, ẹ má gbé e bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà, yóò jó o lára. Díẹ̀díẹ̀ ni.

Ẹ má fi kàlẹ́ńdà bomi rin ín. Ẹ ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ erùpẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí erùpẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dúró. Bí ó bá jáde ní gbígbẹ, ẹ bomi rin ín láàárọ̀ títí omi yóò fi gba ìdí ìkòkò jáde. Lákòókò òjò, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ọwọ́ tó tún kàn án. Nígbà ọyẹ́, ẹ dín omi kù náà. Ìsinmi gbígbẹ yẹn wà lára ohun tó ń mú kó yọ òdòdó. Oṣù kejì àti ìkẹta, tí ooru bá mú gan-an, ni yóò mu omi jù.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra jù ni àárín rẹ̀. Bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọ nídìí ìyá ni àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń yọ, tí wọn yóò fi há ara wọn mọ́. Afẹ́fẹ́ kì í dé àárín, ibẹ̀ ni jíjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni kòkòrò funfun tí ń yọ òwú máa ń sá pamọ́ sí. Bí ẹ bá rí èèrà tó ń tò lọ tò bọ̀ létí ìkòkò, ẹ tètè yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí oje dídùn tí kòkòrò yìí ń yọ ni wọ́n ń wá. Ẹ ra sípíríìtì ní kẹ́míìsì, ẹ fi òwú tọ́ ọ sí wọn lára lábẹ́ ìbòòji, ẹ tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí wọn yóò fi tán.

Tó bá ti kún ìkòkò dé etí, ẹ pín in, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ká ìwé ìròyìn mọ́ ọmọ kan, ẹ rọra yí i kúrò lára ìyá. Ẹ tẹ́ ẹ síbi tí kò sí oòrùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lé erùpẹ̀ gbígbẹ, kí ẹ sì dúró ní ọ̀sẹ̀ kan sí i kí ẹ tó fún un lómi. Àìnísùúrù níbi èyí ló ń sọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn dòfo.

Èyí tí ìdí rẹ̀ ti ń jẹrà kò tíì kú tán o. Ẹ fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ, ẹ gé e kọjá ibi tó ti pọ́n tàbí tó dúdú, títí inú rẹ̀ yóò fi funfun tàbí kó ní àwọ̀ ewé láìsí àbààwọ́n kankan. Ẹ sọ erùpẹ̀ àtijọ́ nù, ẹ fọ ìkòkò, kí ẹ wá ṣe àwọn ọmọ tó yè bí mo ṣe wí lókè yìí.