Ẹ mọ etíkun tiyín kí ẹ tó lọ kàwé etíkun ní Íslándì

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ lọ ṣe máásítà nípa òkun ní Íslándì. Kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà tí mo máa fi wá àyè nílé ẹ̀kọ́?" Ìbéèrè yìí kì í tán lọ́dọ̀ mi. Èmi náà a bi wọ́n padà pé: etíkun wo nílé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jẹ ọ́ lọ́kàn? Ẹni tó bá ti lè dáhùn ìyẹn ti kọ ìdajì lẹ́tà náà.

Ẹ̀kọ́ ìṣàkóso etíkun àti òkun kì í ṣe ẹ̀kọ́ ẹja nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹja wà níbẹ̀, ti iyanrìn àti ìgbì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ta ló lẹ́tọ̀ọ́ sí kí ni létí omi, ta ló ń pinnu, orí ta sì ni ìpinnu náà máa já lé. Ìdí nìyẹn tí agbẹjọ́rò, onímọ̀ ọrọ̀ ajé àti ẹni tó ka ẹ̀kọ́ ohun ẹlẹ́mìí fi lè jókòó sí kíláàsì kan náà.

Háskólasetur Vestfjarða ni mo máa ń júwe fún èèyàn, ilé ẹ̀kọ́ gíga kékeré kan nílùú Ísafjörður, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Íslándì. Ọdún 2005 ni wọ́n dá a sílẹ̀, máásítà ìṣàkóso etíkun àti òkun yìí sì bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Yunifásítì Akureyri ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Wọn kì í da kọ́ọ̀sì márùn-ún pọ̀ bíi tiwa. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa dojú kọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ parí rẹ̀, ẹ bọ́ sí òmíràn. Ẹni tí àìsàn bá dá dúró fún ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló ti pàdánù.

Agbègbè yẹn fúnra rẹ̀ ni ìwé tí ẹ máa kà jù. Ní 1995, yìnyín ya láti orí òkè, ó bo abúlé Súðavík nínú oṣù kìíní àti Flateyri nínú oṣù kẹwàá. Èèyàn 34 ló kú. Wọ́n wá mọ odi ńlá sókè Flateyri. Nínú oṣù kìíní ọdún 2020, yìnyín tún ya. Odi náà darí èyí tó pọ̀ kúrò lórí àwọn ilé, ṣùgbọ́n inú èbúté ló darí rẹ̀ sí, ó sì run àwọn ọkọ̀ ojú omi tó so síbẹ̀. Odi gba ilé là, ó gba oúnjẹ lẹ́nu apẹja.

Ẹ gbé ìyẹn wá sí Èkó. Iyanrìn etíkun wa máa ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ìgbì ló ń tì í. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fi òkúta mọ odi sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, iyanrìn dúró sí apá kan, Bar Beach tó wà ní apá kejì kò sì rí iyanrìn gbà mọ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ wọlé. Èbúté Lomé àti ti Cotonou ṣe irú rẹ̀ sí etíkun tó wà ní ìlà-oòrùn wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti mọ èyí kó tó dé Flateyri, ojú tí yóò fi wo odi yẹn máa yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹja náà kàn wá. Orí ẹja kọ́ọ̀dù gbígbẹ tí à ń rà lọ́jà nílé, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Íslándì ni. Ooru tó ń ti inú ilẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń mú un gbẹ. Lọ́dún 1984, ìjọba wọn pín iye kọ́ọ̀dù tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè pa. Òfin 1990 wá jẹ́ kí èèyàn lè ta ẹ̀tọ́ yẹn fẹ́lòmíràn. Àwọn abúlé kan wà tí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ níbẹ̀ tà á lọ, tí omi wà níwájú ilé, tí ẹja wà nínú omi, tí apẹja kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á. Láti 2009 ni wọ́n ti ń ṣí òkun láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ fún ọkọ̀ kéékèèké tó ń fi okùn àti ìwọ̀ pẹja. Ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì parí, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ìlú fúnra wọn.

Ní ti owó, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn gbọ́. Swídìn ti ń gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù láti 2011, Nọ́wè bẹ̀rẹ̀ ní 2023. Ti Íslándì, ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gan-an ni kí ẹ ti bèèrè rẹ̀ lọ́dún tí ẹ fẹ́ wọlé. Ìwé ìgbélùú máa bèèrè ẹ̀rí owó tí ẹ máa fi gbọ́ bùkátà, ìwé ọlọ́pàá pé ẹ kò lẹ́jọ́ lọ́rùn, àti ìbánigbófò ìlera. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, torí ìwé ọlọ́pàá àti òǹtẹ̀ lórí ìwé ẹ̀rí nìkan lè jẹ oṣù.

Ẹ sì múra sílẹ̀ fún òkùnkùn. Láti ìparí oṣù kọkànlá, òkè a gba oòrùn mọ́ Ísafjörður lọ́wọ́, yóò tó nǹkan bí ọjọ́ 25 oṣù kìíní kó tó tún tàn sí àárín ìlú. Lọ́jọ́ náà, wọ́n máa ń dín páńkéèkì pẹlẹbẹ, wọ́n á sì mu kọfí sí i. Sólarkaffi ni wọ́n ń pè é, kọfí oòrùn. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, ẹ lọ.

Ní ti lẹ́tà yẹn, bí ẹ bá lè dé Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ìlú, ẹ dé ibẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ bi àgbàlagbà kan pé níbo ni ilé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ibi tí ìka rẹ̀ bá nà sí nínú omi, kí ẹ sì fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà.